Orí Wà Lábẹ́ Gèlè: Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀dà Olóròóró Ya Ẹni Tó Múra Òde

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya ènìyàn ló máa ń fẹ́ ya ìyá wọn tàbí ìyàwó wọn nínú aṣọ ayẹyẹ: aṣọ òkè, gèlè gàgàrà, iyùn lọ́rùn. Ibì kan náà ni wọ́n sì ti máa ń kọsẹ̀. Ọnà ara aṣọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Wọn á ka ìlà aṣọ òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á kùn ún ní pupa àti àwọ̀ wúrà bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi máa ṣe tán, aṣọ náà á dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, gèlè á sì dà bí ohun tí wọ́n gbé ka orí ẹni tí kò ní àtàrí. Kì í ṣe pé ọwọ́ wọn kò gbà á. Ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n fi ṣíwájú.

Èjìká wà lábẹ́ bùbá, orúnkún wà lábẹ́ ìró, orí wà lábẹ́ gèlè. Ohun tó wà lábẹ́ yìí ló ń pinnu ibi tí aṣọ yóò ti na, ibi tí yóò ti ká, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bà àti ibi tí òkùnkùn yóò sá sí. Tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bá ti jókòó síbi tó yẹ, ìlà mẹ́ta péré tó tẹ̀lé ara dáadáa ti tó láti sọ fún ènìyàn pé aṣọ òkè rèé. Tí wọn kò bá jókòó, igba ìlà kò lè ràn án lọ́wọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ti ń ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó kó tó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Àmọ́ ìwé tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà, ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ara funfun àti aṣọ sílíìkì ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. A óò máa tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn kò ti bá tiwa mu.

Kí ló dé tí ọ̀dà yìí kì í gbẹ bọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ló ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u. Omi ló wà nínú ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri ilé. Omi náà á fò lọ, ọ̀dà á gbẹ. Ọ̀dà olóròóró kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n fi òróró pò. Òróró èso ọ̀gbọ̀ ló wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń kọ linseed oil sára ìgò rẹ̀. Òróró ọ̀gbọ̀ kì í fò lọ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló máa ń fà mu, tí á sì máa le díẹ̀díẹ̀ títí á fi di awọ tó yi. Tí ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n tó já geere, ẹ óò rí i pé ó tilẹ̀ ń wúwo sí i bó ṣe ń gbẹ.

Ìdí nìyí tí òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa kò fi lè rọ́pò rẹ̀. Àwọn yẹn kì í le. Ọdún á yí po, àwòrán á ṣì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ má fi kẹrosíìnì là á o. Ọ̀rá tó ń fi sílẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ dáadáa. Tọ́pẹ́ńtáìnì ni a fi ń là á, ìyẹn ní tirẹ̀ a máa fò lọ bí omi. Inú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti lò ó, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Láti ibí ni òfin tó ń da orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú ti jáde: *ọlọ́ràá ni kó wà lórí aláìlọ́ràá*. Kò ju pé kí òróró máa pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń kun ìpele lé ìpele. Ìpele ìsàlẹ̀ tí òróró rẹ̀ kéré á tètè gbẹ, á sì dúró gbọin. Èyí tó wà lókè, tí òróró rẹ̀ pọ̀, á máa gbẹ lọ ní tirẹ̀, á sì ṣeé fà díẹ̀. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: òkè á ti le nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń mì, bí ìgbà tí ènìyàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ tí kò tíì gbẹ. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣe ń sún kì, òkè á là.

Ní ìwọ̀n tí ẹ lè fi ṣíbí wọ̀n: ìpele kìíní, ọ̀dà àti tọ́pẹ́ńtáìnì nìkan, kó ṣàn bí tíì tó dúdú dáadáa. Ìpele kejì, òróró ṣíbí kan sí tọ́pẹ́ńtáìnì ṣíbí mẹ́ta, kí ẹ máa ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìpele tó kẹ́yìn, òróró àti tọ́pẹ́ńtáìnì dọ́gba. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Òróró àpọ̀jù á hunjọ lójú bí ojú ẹ̀kọ gbígbóná tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí, á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó bá pẹ́.

Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀. Burnt umber àti raw umber, àwọ̀ ilẹ̀ méjì tó ṣú, máa ń gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí ẹ bá kùn wọ́n fẹ́lẹ́, nítorí èròjà mangánísì tó wà nínú wọn ń lé gbígbẹ náà. Titanium white lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Ivory black lọ́ra gan-an. Ẹni tó bá fi ivory black tó nípọn kun ẹ̀yìn àwòrán lónìí, tó sì fi umber olómi lé e lọ́la, àwòrán náà á là; ọjọ́ tó máa là nìkan ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Lásìkò òjò tí afẹ́fẹ́ tutù, ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún ohun tí ìwé bá wí. Ẹ má sì tọ́jú àwòrán tó ń gbẹ sínú kọ́bọ́ọ̀dù: òkùnkùn ló ń jẹ́ kí òróró ọ̀gbọ̀ pọ́n. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí oòrùn kò ti ta sí i lójú.

Ọ̀rọ̀ kan tó ju àwòrán lọ: àkísà tó ti mu òróró ọ̀gbọ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀. Ooru máa ń jáde nígbà tí òróró yìí bá ń fa ọ́síjìn, tí ẹ bá sì ká àkísà jọ sí kọ̀rọ̀, ooru náà kò ní ríbi gbà jáde. Ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í bọ inú garawa omi tó ní ìdérí.

Ohun èlò

Kánfáàsì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 61, tó sì ga ní 76, tó fún ẹni tí a yà dé ìbàdí. Tó bá jẹ́ aṣọ kánfáàsì lásán lẹ rà, ẹ kun gẹ́sò sí i, ìyẹn ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń di ojú aṣọ, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí èkíní bá lọ lóòró, kí èkejì lọ ní ìbú, kí ẹ sì fi sáńpépà tó kúnná pa á láàárín wọn. Ẹ má fo èyí. Ásíìdì tó wà nínú òróró ọ̀gbọ̀ máa ń jẹ òwú kánfáàsì tó bá kàn án lójú tààrà.

Búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin, láti nọ́ńbà 4 dé 10, àti onírun rírọ̀ méjì fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀dà mẹ́sàn-án tó: titanium white, yellow ochre (yẹ́lò bí amọ̀), cadmium yellow, cadmium red, permanent alizarin (pupa tó jinlẹ̀), burnt sienna (pupa bí amọ̀ tí wọ́n sun), burnt umber, raw umber àti ultramarine (búlúù). Wọ́n lè rọ̀ yín pé kí ẹ ra túùbù àwọ̀ wúrà fún aṣọ òkè onídídán. Ẹ fi owó yẹn ra ọ̀dà funfun, a óò débẹ̀.

Jíjókòó àti ìmọ́lẹ̀

Ìwé á sọ pé fèrèsé tó kọjú sí àríwá ló dára jù torí oòrùn kì í wọlé níbẹ̀. Òótọ́ ni, nílẹ̀ Yúróòpù. Èkó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, nǹkan bí dígírì mẹ́fà ààbọ̀ péré ló fi jìnnà sí i, torí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wa máa ń wà. Ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sójú fèrèsé náà, ó parí. Tí iná ìjọba kò bá ń yọ yín lẹ́nu, gílóòbù kan tí wọ́n kọ 5000K sí lára, tí ẹ gbé sókè lápá kan, kó máa wo ojú ẹni náà wá láti ẹ̀gbẹ́, á ṣe bákan náà. Kó jẹ́ ẹyọ kan. Gílóòbù méjì á pa òjìji ara wọn, ojú á sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Kí ẹni tí ẹ ń yà jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, kó sinmi márùn-ún. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ àga ká kó tó dìde. Àmọ́ gèlè ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù. Tí wọ́n bá tú gèlè, kò sí ẹni tó lè wé e padà kó rí bákan náà, títí kan ẹni tó wé e lákọ̀ọ́kọ́. Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú gbogbo pílíìtì rẹ̀ sórí kánfáàsì, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ibi tí ojú yín wà gan-an. Gèlè tí wọ́n ti rán mọ́ra, tí a kàn ń dé bíi fìlà, ń gbani lọ́wọ́ wàhálà yìí, bí àwọn àgbà bá tilẹ̀ ń fojú tín-ínrín rẹ̀.

Ti ìró àti ìpèlé rọrùn jùyẹn. Ẹ lè wọ̀ ọ́ fún ère tí àwọn télọ̀ fi ń pàtẹ aṣọ, kí ẹ máa yà á fún ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ń ro ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ojú àti ọwọ́ nìkan ni òmíràn nínú àwọn ayàwòrán ń yà. Wọn á gbé ìyókù fún ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju aṣọ lọ. Joseph van Aken, tó kú ní 1749, ló kun aṣọ sínú àwòrán Allan Ramsay àti ti Thomas Hudson. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: ìmọ́lẹ̀ tó bà sára ère ní láti wá láti ibi tí èyí tó bà sójú ẹni náà ti wá. Àìmáa ṣọ́ èyí ló ń jẹ́ kí orí dà bí èyí tí wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ara ẹlòmíràn.

Orí tí a kò rí

Ẹ mú raw umber tí ẹ fi tọ́pẹ́ńtáìnì là, kí ẹ ya orí náà bí ẹyin, gbogbo rẹ̀, títí dé àtàrí tí gèlè bò. Ẹ ṣe bí ẹni pé gèlè kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sọ ọ́. Ká ní orí tí ẹ yà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 láti àtàrí dé àgbọ̀n. Ìdajì orí ni ojú tí a fi ń ríran máa ń wà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 9 sókè àgbọ̀n. Gèlè sábà máa ń bo ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ àti díẹ̀ nínú iwájú orí, kí etí rẹ̀ wá dúró ní bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sókè àgbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ pé àárín ni ojú ń wà á wo ibi tó hàn nìkan, á pín 13 sí méjì, á fi ojú sí 6 ààbọ̀. Ó ti fi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ gbé ojú lọ sísàlẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó ilé á wá dà bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n wé gèlè fún. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń rò pé imú tàbí ẹnu ló ṣẹ̀, wọn á máa tún un yà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Etí gèlè kì í ṣe ìlà gbọọrọ. Ó yí iwájú orí ká, ó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó sì tẹ òkè etí mọ́lẹ̀. Ẹ yà á bí etí abọ́ tí ẹ rí láti ẹ̀gbẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú iwájú orí, tó ṣú jù níbi tí aṣọ ti kan ara, tó sì ń fò lọ bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Òjìji yẹn ló ń mú gèlè jókòó. Ẹ yọ ọ́ kúrò, gèlè á máa léfòó.

Tí ìlà bá ti péye, ẹ fi raw umber yẹn kan náà kun gbogbo òkùnkùn inú àwòrán, ojú àti aṣọ pọ̀, kí ẹ fi àkísà nu ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà kúrò títí funfun kánfáàsì á fi hàn. Ẹ má kun ọnà kankan. Ẹ di ojú yín díẹ̀ kí ohun wẹ́wẹ́ pòórá, kí ẹ wo bóyá òkìtì òkùnkùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tóbi ló kù. Ẹ wò ó nínú dígí pẹ̀lú. Ohun tó wọ́ tí ojú yín ti mọ́ lára á hàn níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó gbẹ.

Ara dúdú kì í ṣe dúdú

Tí ẹ bá fẹ́ kí ara dúdú mọ́lẹ̀ sí i, ẹ má sáré mú ọ̀dà funfun. Funfun nínú àwọ̀ ara máa ń hó, á wá dà bí ara ẹni tó jáde lọ́yẹ́ láì para. Burnt sienna méjì sí ultramarine kan ni ìpìlẹ̀, pẹ̀lú yellow ochre díẹ̀. Fún òkùnkùn, ẹ fi burnt umber àti alizarin díẹ̀ sí i. Fún ìmọ́lẹ̀, yellow ochre àti cadmium red ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbé e sókè, kí funfun wá tẹ̀lé e ní ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́.

Ara dúdú ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ mì. Ohun tó wá ń hàn ketekete ni èyí tó ta lójú awọ: orí imú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí. Àwọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ara, àwọ̀ fèrèsé ni. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń wọlé, funfun tí ultramarine kán sí ni kí ẹ lò, kò sì gbọdọ̀ ju ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lójú ẹnì kan. Ibòmíràn tí wọ́n ti máa ń fi funfun pa àwòrán ni ẹyin ojú àti eyín. Eérú tó fẹ́ pọ́n ni wọ́n, ìpéǹpéjú àti ètè sì ń ṣíji bò wọ́n.

Gèlè àti bùbá náà ń ju àwọ̀ sí ojú. Tí bùbá bá pupa, abẹ́ àgbọ̀n á pọ́n díẹ̀. Ẹni tó bá kun abẹ́ àgbọ̀n ní dúdú lásán ti gé orí kúrò lára aṣọ.

Aṣọ

Ibi tí aṣọ ti di mú ni gbogbo ìkákò ti ń bẹ̀rẹ̀: èjìká, ìgúnpá, ìbàdí, orúnkún. Ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ tó kun ohunkóhun. Ìkákò tí kò ní ibi tó ti wá, ejò lásán ni.

Ẹ pò àwọ̀ aṣọ náà sí òkìtì mẹ́ta, èyí tó mọ́lẹ̀, ti àárín, èyí tó ṣú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá gbé wọn kalẹ̀ láìbìkítà fún ọnà. Kí ó gbẹ pátápátá. Ọnà á wá lórí ohun tó ti gbẹ, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé tí ìlà bá wọ́, ẹ lè fi àkísà tí tọ́pẹ́ńtáìnì kán sí nù ún kúrò kí abẹ́ rẹ̀ má bàjẹ́.

Aṣọ òkè, aṣọ tí wọ́n hun tóóró-tóóró tí wọ́n wá rán pọ̀ ni. Òòró kan sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Tí orí ẹni náà gan-an bá jẹ́ 23, tí ẹ sì yà á ní 18, òòró kan níbi tí aṣọ ti kọjú sí yín á jẹ́ bíi 8. Bó bá ti ń yí lọ sí ẹ̀yìn èjìká, 8 yẹn á di 5, á di 2, á pòórá. Ojú rírán ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣú díẹ̀, kí ìlà ọnà wá máa tẹ̀lé e. Níbi tí aṣọ bá ti ká, kí ìlà wọ inú ìkákò lọ, kó sá pamọ́, kó tún jáde lódì kejì níbi tí kò bá ti wọlé ṣe wẹ́kú. Àìṣe-wẹ́kú kékeré yẹn ló ń sọ pé aṣọ yìí nípọn. Kí àwọ̀ ìlà sì máa yí padà pẹ̀lú: pupa tó wà nínú òkùnkùn kì í ṣe pupa tó wà nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀dà kan ṣoṣo fa ìlà láti èjìká dé orúnkún ti tún padà sórí ìwé ara ògiri.

Sányán: raw umber, yellow ochre, funfun, ó yẹ kó tutù lójú díẹ̀, kó má pọ́n bí bisikíìtì. Ẹtù: ultramarine àti burnt umber, kí ìlà rẹ̀ tínrín bí irun, kó má sì funfun. Àlààrì ló gba sùúrù jù. Ẹ fi burnt sienna àti funfun kun ìmọ́lẹ̀ òun òkùnkùn rẹ̀, kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá fi alizarin tí ẹ là pẹ̀lú òróró àti tọ́pẹ́ńtáìnì bò ó fẹ́lẹ́, bí ẹni fi gíláàsì pupa bo fìtílà. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú pupa kọjá, á kan ìsàlẹ̀, á padà wá. Kò sí bí ẹ ṣe lè pò ó lórí pálẹ́ẹ̀tì, pátákó tí a ti ń po ọ̀dà, kó rí bẹ́ẹ̀. Kí túùbù náà ṣáà ní permanent lára, torí alizarin ti àtijọ́ máa ń ṣá tí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á lójoojúmọ́.

Wàyí o, wúrà. Òwú tó ń dán nínú aṣọ òkè kì í ṣe àwọ̀ yẹ́lò. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bà, ràwúràwú bíi raw umber ló rí. Láàárín, yellow ochre. Níbi tó bà gan-an, funfun tí cadmium yellow kán sí, kó nípọn kó yọrí, kó jẹ́ ẹ̀kán ẹ̀kán tó já síra wọn láìgún régé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkùnkùn àti ẹ̀kán náà ni ojú ń rí tó ń pè ní wúrà. Ọ̀dà wúrà inú túùbù máa ń dán níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan inú òjìji, ó sì ń ba gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lórí ìkákò jẹ́.

Gèlè damásíìkì yàtọ̀ torí ó le, pílíìtì rẹ̀ mú bí etí ìwé. Pílíìtì kan ní ojú mẹ́ta: etí tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ara rẹ̀ tó wà láàárín, àti òjìji tó jù sórí èyí tó tẹ̀lé e. Kí etí wọn mú níbi tó sún mọ́ ojú ẹni náà. Ní òkè lọ́hùn-ún àti lẹ́yìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ra á kó rí bàìbàì. Tí gbogbo rẹ̀ bá mú bákan náà, gèlè ni àwọn ènìyàn á máa wò, wọn ò ní rí ẹni tó wé e.

Léèsì: àwọ̀ ara tàbí àwọ̀ aṣọ abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn parí, kí léèsì wá jókòó sórí rẹ̀, kì í ṣe pé kí ẹ máa ya ihò. Ọnà ọrùn agbádá: òwú yọrí, ó ní òjìji tínrín lápá tí ìmọ́lẹ̀ kò ti wá. Ẹ fa òjìji yẹn, ẹ ó rí i pé ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Iyùn fẹ́ràn láti jẹ ènìyàn lákòókò. Òjìji gbogbo okùn náà lára ọrùn ni ti àkọ́kọ́, kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ jù, kí ẹ ya ìwọ̀nyẹn dáadáa: pupa rẹ̀, apá tó ṣú, ìmọ́lẹ̀ rẹ́súrẹ́sú tó ta padà sí abẹ́ rẹ̀ láti ara, àti ẹ̀kán funfun kan. Ìyókù kí ó jẹ́ àbàwọ́n pupa tó ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ojú olùwòran á parí rẹ̀ fún yín.

Irú fífi-sílẹ̀ yìí ṣòro fún ẹni tó ti sanwó aṣọ. Ẹ lọ wo Tutu, àwòrán Adétútù Adémilúyì, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, tí Ben Enwonwu yà. Èyí tó yà ní 1974 ni wọ́n rí nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì tà ní gbàǹjo ní 2018 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹ wo ibi tí ojú yín kọ́kọ́ lọ àti ibi tí ó padà sí.

Tó bá ń gbẹ

Láàárín iṣẹ́, àwọn ibì kan á ṣá, pàápàá ibi tí umber wà, wọ́n á dà bí ṣọ́ọ̀kì. Àwọ̀ kò yí padà; ìsàlẹ̀ ló fa òróró rẹ̀ mu. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi ìka ra òróró ọ̀gbọ̀ ẹ̀kán kan sí i, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún kúrò títí á fi kù díẹ̀ kí a má rí i. Àwọ̀ á padà. Ẹ má ṣe kun dúdú lé e lórí torí pé ẹ rò pé ó ti hó.

Fáníìṣì, ìyẹn ohun dídán tí a fi ń bo àwòrán tó ti gbẹ, kì í yá ní tirẹ̀. Oṣù mẹ́fà ó kéré tán fún àwòrán fẹ́lẹ́, ọdún kan fún èyí tí ọ̀dà rẹ̀ nípọn níbi wúrà àti iyùn. Pé kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́ kò túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fi òwú kékeré tí tọ́pẹ́ńtáìnì kán sí ra igun kan níbi tó ṣú jù: tí àwọ̀ bá hàn lára òwú, ẹ gbé e padà sára ògiri. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án kẹ́yìn sẹ́yìn kánfáàsì, torí kò ní pẹ́ tí ẹni tí ẹ yà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí wọ́n máa wá gbé e.